Sányán Kì Í Ṣe Orúkọ Àwọ̀

Ẹ wo ojú ìwé àwọn tó ń ta aṣọ òkè lórí Instagram. Ẹ ó rí "sányán" tó jẹ́ pé òwú ẹ̀rọ tí wọ́n pa láró ni látòkè délẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti ń yẹ̀, owó oníbàárà sì ń bá a lọ.

Orúkọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ ni sányán. Ara ilé tí kòkòrò Anaphe ń kọ́ sórí igi nínú igbó ni wọ́n ti ń rí i. Wọ́n á sè é nínú omi eérú kí oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè yọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi ọwọ́ ran án. Àwọ̀ rẹ̀ tó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, bó ṣe ti igbó wá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pa á láró.

Ti ẹtù yàtọ̀: òwú tí wọ́n rì sínú aró èlú léraléra títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ni.

Àlàárì ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, láti inú "alharini" ti Hausa, tí òun náà wá láti inú "al-harir" ti Lárúbáwá, ìyẹn sílíìkì. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fonọ́lọ́jì, ẹ máa wá "h" tó sọnù.) Aṣálẹ̀ Sàhárà ni fọ́nrán náà gbà dé Kano, pẹ̀lú aró pupa lára. Lónìí, a ti gbàgbé sílíìkì, pupa la dì mú.

Ẹnìkan á ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń yí padà, iṣẹ́ tiwa ni ká ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo gbà. N kò sì bá ahunṣọ jà nítorí àbùlà. Sányán àtijọ́ pàápàá máa ń ní òwú nínú. Ṣùgbọ́n ara ẹranko ni sílíìkì ti wá, bíi irun àgùntàn. Àwọn aró kan wà tó ń mú àwọn méjèèjì dáadáa tí kì í mú òwú rárá. Ẹni tó bá tún aṣọ àdàpọ̀ pa láró láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bá àwọ̀ méjì pàdé. Rayon ní tiẹ̀, agbára rẹ̀ máa ń dín kù tó bá ti tutù. Fífọ̀ rẹ̀ gba pẹ̀lẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: kí olùtajà kọ "àwọ̀ sányán" tó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan ló ń tà. Títí wọn ó fi kọ ọ́, kí oníbàárà máa bèèrè: kí ni wọ́n fi ṣe òwú òòró, kí ni ti ìbú?