Ilé Ọba Tó Jó: Ta Ni Yóò Ṣọ́ Persepolis?

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà gún régé fún ìlú tí ọba rẹ̀ ṣì wà láàyè, tí àwọn ará ìlú sì lè kó amọ̀ àti igi jọ láti tún ààfin kọ́. Ṣùgbọ́n ààfin kan wà ní orílẹ̀-èdè Ìráànì tó jó lọ́dún 330 ṣáájú ìbí Kristi, tí ọba kankan kò tún un kọ́ títí di òní olónìí. Ó fi nǹkan bí kìlómítà 60 jìnnà sí ìlú Shiraz. Persepolis ni àwọn Gíríìkì pè é. Takht-e Jamshid ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè é, ìyẹn ìtẹ́ Jamshid, ọba kan nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn.

Orúkọ àwọn tó ni ààfin yìí kò ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá ka ìwé Ẹ́sírà ti pàdé Kírúsì àti Dáríúsì, àwọn ọba Páṣíà. Ẹni tó bá sì mọ ìtàn Ẹ́sítérì mọ Ahaswérúsì, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni àwọn Gíríìkì ń pè ní Xerxes. Dáríúsì ló bẹ̀rẹ̀ ààfin náà ní nǹkan bí ọdún 518 ṣáájú ìbí Kristi, Xerxes ọmọ rẹ̀ sì bá iṣẹ́ náà lọ. Nígbà tí Alẹkisáńdà ará Makedóníà ṣẹ́gun wọn, ọwọ́ rẹ̀ ni ààfin náà jóná sí.

Àlejò tó bá débẹ̀ lónìí yóò rí ẹnubodè tí Xerxes pè ní Ẹnubodè Gbogbo Orílẹ̀-Èdè, tí àwọn akọ màlúù òkúta gàgàrà ń ṣọ́. Yóò dé gbọ̀ngàn Apadana, níbi tí òpó 72 ti gbé òrùlé ró nígbà kan. 13 péré ló ṣì nàró. Lára ògiri àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn yìí ni wọ́n gbẹ́ àwòrán ikọ̀ 23 sí, tí oníkálukú wọn ń mú ẹ̀bùn ìlú rẹ̀ wá fún ọba. Ẹni kan fa ràkúnmí, ẹlòmíràn fa àgbò. Àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Kúṣì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú eyín erin. Wọn kò de ẹnikẹ́ni lókùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú olórí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé.

Ohun ìyanu kan wà nípa àtẹ̀gùn apá ìlà-oòrùn. Àwòrán ibẹ̀ hàn kedere ju ti apá àríwá lọ, nítorí pé àlàpà ààfin tó jó ló wó bò ó, tó sì pa á mọ́ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Lẹ́yìn ọdún 1930 ni àwọn awalẹ̀pìtàn Yunifásítì Chicago, tí Ernst Herzfeld ṣáájú wọn, hú u jáde. Láti ọjọ́ tó ti rí ìmọ́lẹ̀ ni oòrùn, òjò àti òtútù ti dojú kọ ọ́, tó fi di pé wọ́n ní láti ta òrùlé bò ó.

Ọwọ́ ọmọ ènìyàn náà kò gbẹ́yìn. Henry Stanley, akọ̀ròyìn tó wá Livingstone kiri ilẹ̀ Áfíríkà, gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìwé ìròyìn rẹ̀ sára ẹnubodè Xerxes ní 1870. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n jí òkúta kan tó ní àwòrán ẹ̀ṣọ́ ọba gbé níbẹ̀ ní nǹkan bí 1936. Ó di New York kí ìjọba tó gbà á, ọdún 2018 ni wọ́n sì tó dá a padà fún Ìráànì.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, Donald Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà, halẹ̀ pé àwọn ti sàmì sí ibi 52 ní Ìráànì, tí àwọn kan nínú wọn ṣe pàtàkì sí àṣà orílẹ̀-èdè náà. Igbe ta káàkiri ayé. Wọ́n rán an létí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Hague lọ́dún 1954 pé kí ogun má fọwọ́ kan ohun àjogúnbá. Igbe náà tọ́. Ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà tí kì í pariwo, tí kò sì sẹ́ni tó ń ké lé e lórí tó bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Marvdasht tó yí Persepolis ká jẹ́ ilẹ̀ oko. Òjò ibẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà kànga jíjìn ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń bomi rin àlìkámà wọn. Omi tí wọ́n ń fà lábẹ́ ilẹ̀ ti ju èyí tí òjò ń dá padà lọ. Bí omi bá kúrò láàárín iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ a sún mọ́ra, ilẹ̀ a sì rì. Bí òjò tilẹ̀ padà wá rọ̀, ilẹ̀ tó ti rì kì í gbéra tán mọ́. Ilẹ̀ ti là nítòsí Naqsh-e Rostam, níbi tí ibojì Dáríúsì fúnra rẹ̀ wà nínú àpáta. Àwọn onímọ̀ Ìráànì ti figbe ta lórí ọ̀rọ̀ yìí léraléra.

Ta wá ni ká dá lẹ́bi? Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àgbẹ̀ tó ní ọmọ láti bọ́ pé kó fi omi sílẹ̀ nítorí òkúta. Irú àríyànjiyàn yìí náà ló wáyé ní 2007, nígbà tí ìjọba fi omi kún ìsédò Sivand nítorí àwọn àgbẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn sáré gbẹ́ ohun tí wọ́n lè gbẹ́ ní àfonífojì Bolaghi kí omi tó gorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bẹ̀rù pé ọ̀rinrin yóò ba ibojì Kírúsì tó wà ní Pasargadae, nítòsí ibẹ̀, jẹ́.

Àwọn kan yóò ní ohun tó bá bàjẹ́ ṣe é tún ṣe, wọn yóò sì tọ́ka sí Bam. Lóòótọ́, ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2003 pa ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún 26 ènìyàn níbẹ̀, ó sì wó odi amọ̀ àtayébáyé ìlú náà lulẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe lọ débi pé àjọ UNESCO yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ibi tó wà nínú ewu ní 2013. Ṣùgbọ́n amọ̀ ni Bam. A lè po amọ̀ tuntun. Ojú ikọ̀ tí agbẹ́kùúta fi ọwọ́ gbẹ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn, bó bá ti là, ó parí.

Láti 1979 ni UNESCO ti kọ orúkọ Persepolis sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé. Ìwé kì í dá omi padà sílẹ̀. Ìjọba tó ń gba owó lọ́wọ́ àlejò lẹ́nu ọ̀nà ni kó ka àwọn kànga, kó dí àwọn tí kò gbàṣẹ, kó sì fún àgbẹ̀ ní irúgbìn tí kì í mu omi púpọ̀ àti owó tí yóò fi gbé e lárugẹ. Àgbẹ̀ tó yó kò ní gbẹ́ kànga kún kànga. Ilé ọba tó jó lè lẹ́wà sí i lóòótọ́; èyí tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá rì, ibo ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́ rẹ̀?