Ẹ̀rù ló ní kí wọ́n tà á, èrè ló ń pè wọ́n padà

Ìka àbámọ̀ ni àwọn tó sáré ta ṣíà Nestlé Nigeria wọn nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ fi bọnu. N875 ni ẹyọ kan lọ́jọ́ tí ọjà ṣíà ti ilẹ̀kùn ọdún náà l'Ékòó. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti kọjá N1,500.

Kí ló wá lé wọn? Ẹ̀rù ni, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe àsọdùn. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni báńkì àpapọ̀, CBN, tú náírà sílẹ̀ kó máa bá ọjà lọ. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi N460 gbéra ńlẹ̀, ó sì kọjá N1,500 lọ́dún 2024. Iléeṣẹ́ tó jẹ gbèsè 1,000 dọ́là, tí N460,000 ì bá tó o san, wá ń wá mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà. Bẹ́ẹ̀, kò yá kọ́bọ̀ kún un o! Gbèsè dọ́là tí Nestlé jẹ kò sì kéré. Lọ́dún 2023, àdánù wọn jẹ́ N79.5 bílíọ̀nù, lọ́dún 2024, ó di N164.6 bílíọ̀nù.

Ìròyìn mìíràn tún ń já lu ara wọn. Oṣù kẹjọ 2023 ni GSK ní àwọn ń kógbá sílé. Nígbà tó di oṣù kejìlá, P&G ní àwọn ò ní í ṣe ọjà níbí mọ́, àwọn á kàn máa kó o wọlé ni. Oṣù kẹfà 2024 làwọn tó ni Guinness kéde pé àwọn fẹ́ ta ìpín wọn fún Tolaram. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó fi owó àjẹmọ́nú ra ṣíà, ta ló fẹ́ ní kó má pe brókà rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi tà á kíá"?

Ohun tí wọn ò wò ni pé ẹ̀rọ kò dákẹ́ l'Ágbárá àti Ṣágámù. Ọjà tí Nestlé tà lọ́dún 2024 lé ní N950 bílíọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wọ́n gógó wà nínú ẹ̀. Èrè wà lórí iṣẹ́. Gbèsè ló ń jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ara náírà wá balẹ̀ lọ́dún 2025, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ péré, wọ́n jèrè N30.2 bílíọ̀nù. Cadbury àti Nigerian Breweries náà kúrò nínú àdánù. Ni kálukú bá tún ń sáré padà, ọjà ṣíà lápapọ̀ sì fi ohun tó lé ní ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Kì í ṣe gbogbo èrè ló ti inú iṣẹ́ wá. Náírà tó fara balẹ̀ ló fún àwọn mìíràn ní tiwọn. Iná ò dúró, dísù ò rọjú, èlé CBN sì wà ní 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án 2025, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 27. Iléeṣẹ́ wo ló fẹ́ yá irú owó bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun?

Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó béèrè nǹkan méjì: ṣé ọjà wọn ń tà sí i, àbí owó lórí ẹ̀ nìkan ló ń lọ sókè? Ṣé wọ́n ti ń san gbèsè dọ́là náà kúrò lọ́rùn? A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó fi ìkánjú tà lánàá, kó má tún fi ìkánjú rà lónìí.