Àwòṣe Ọkọ̀ Ojú Irin: Iṣẹ́ Tí Ó Yẹ Ọwọ́ Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní etí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin kékeré ni: kóòṣì tí èrò ń jókòó sí àti wágọ̀n tí a ń kó ẹrù sí, tí a fi igi, agolo àti idẹ ṣe ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè gbé ka orí tábìlì, tí a sì fi ọ̀dà kùn ún títí yóò fi jọ èyí tí ó tóbi ní ohun gbogbo, àfi ní títóbi nìkan. Àwa ń fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Ṣakí àti ní Ìsẹ́yìn, kí a sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ tí a fẹ́ wọ̀n kò ní dúró dè wá.

A mọ ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi wá: kí ni ó kan Òkè-Ògùn nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè? Òtítọ́ ni pé ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ẹ láti Èkó. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1901 ni Gómìnà MacGregor ṣí i dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Apá ìlà-oòrùn wa ni ó gbà kọjá. Títí di òní, ibùdó tí ó súnmọ́ Ìsẹ́yìn jù ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè ní Mọ́níyà, ọ̀nà 65 kìlómítà ni ó sì wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n àìdé rẹ̀ kò sọ wá di aláìmọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakí àti Ìgbòho ni ó ṣòwò ní Gold Coast, níbi tí ojú irin ti dé Kùmásí láti Sekondi ní 1903, tí ìbú rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti ilẹ̀ wa, kí òfin 1969 tó lé wọn padà wá sí ilé. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí kóòṣì ti ń mì ní òru, kì í ṣe Èkó nìkan ni ẹ lè ti bèèrè.

Ìdí tí a fi ń kánjú nìyí. Ojú irin àtijọ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ìńṣì 6, èyí tí í ṣe mìlímítà 1,067. Ojú irin tuntun tí a ṣí láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021 fẹ̀ ní mìlímítà 1,435. Kóòṣì ti ọ̀kan kò lè rìn ní orí èkejì. Inú wa dùn sí tuntun, a kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó padà sí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó tuntun bá ti wọlé tán, ta ni ń bojú wo aṣọ ìyálé? Àwọn kóòṣì tí ó gbé àwọn òbí wa, àwọn wágọ̀n tí ó kó kòkó Ìbàdàn, ẹ̀pà Kánò àti màlúù Òkè-Ọya wá sí Èkó, ìpata ń jẹ wọ́n, àwọn tí ń ra irin àlòkù sì ń wò wọ́n bí ológbò ti ń wo ẹja. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Legacy, tí ó tún Ilé Jaekel ṣe ní 2010 nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́tta, ilé tí a ti kọ́ láti 1898, tí wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò àtijọ́ sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo kò lè gba ọgọ́rùn-ún kóòṣì. Àwòṣe wọn ni ó lè gbà.

Ẹ wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe tiwọn. Ní 1920 ni Frank Hornby ti ìlú Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ ojú irin kékeré fún àwọn ọmọdé, ní àwọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ìgbà náà. Ìjọba gba àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní 1948, orúkọ wọn sì parẹ́ ní ara ọkọ̀. Síbẹ̀ arúgbó ibẹ̀ lè sọ irú pupa tí ọkọ̀ ìlú rẹ̀ jẹ́, nítorí pé ó ti dì í mú lọ́wọ́ nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Tiwa ńkọ́? Dúdú àti funfun ni púpọ̀ nínú fọ́tò tí a ní láti ìgbà náà. Àwọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ kú. Inú orí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó kù sí, ẹni tí ó sì jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1960 ti kọjá 80 nísisìyí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àjèjì ni iṣẹ́ yìí sí ọwọ́ Yorùbá. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó ṣáájú 1950, gbẹ́ ajẹ́lẹ̀, lọ́yà àti àlùfáà òyìnbó ní kékeré. Ó fi yíǹkì pupa àti dúdú pẹ̀lú ẹfun bàtà kùn wọ́n, ó sì fi àwọ̀ igi sílẹ̀ ní ibi tí ó yẹ. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1957. Orí àwọn ère rẹ̀ tóbi ju bí Ẹlẹ́dàá ti dá orí lọ, nítorí pé ní iṣẹ́ ọnà wa orí ni olúwa ara. Ṣùgbọ́n kóòṣì kò ní orí. Nínú iṣẹ́ tí a ń wí yìí, fèrèsé kò gbọdọ̀ gbà ju ìpín tirẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn. Níbí ni agbẹ́gilére wa yóò ti bá ìbáwí tuntun pàdé.

Ìwọ̀n tí a fọwọ́ sí ni kí 1 dúró fún 64. Àwọn aláwòṣe ní New Zealand, South Africa àti Queensland, tí ojú irin wọn fẹ̀ bí tiwa, ti ń lò ó, nítorí bí a bá pín mìlímítà 1,067 sí ọ̀nà 64, ohun tí a rí kò jìnnà sí mìlímítà 16 àti ààbọ̀, ojú irin kékeré tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sì wà fún títà káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé ẹni tí kò mọ ìwé rárá lè ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú okùn. Kí ó na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìpẹ̀kun kóòṣì kan dé èkejì, kí ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ó gé e ní ibi tí ó ti ṣẹ́, kí ó tún mú ìdajì náà kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀, títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ohun tí ó kù ní ọwọ́ rẹ̀ ni gígùn àwòṣe. Bí kóòṣì bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60, ìńṣì 11 àti ìdámẹ́rin ìńṣì ni yóò kù. Ènìyàn tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ìńṣì 4 yóò di ìńṣì 1 gééré. Kí a gbẹ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí kò bá lè gba ẹnu ọ̀nà kóòṣì wọlé, ó ti fi àléébù hàn kí ọ̀dà tó bò ó.

Àwọn ọmọ wa kò ṣàì mọ nǹkan díẹ̀. Kò sí àdúgbò tí wọn kò ti ń fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi odidi agolo mílíkì ṣe wágọ̀n epo, agolo náà fẹ̀ ju ìńṣì 2 lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìbú táńkì náà ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ! Táńkì tí ó bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7 kò gbọdọ̀ ju ìńṣì 1 àti bí ìdámẹ́ta lọ. Nítorí náà kí a gé agolo, kí a ká a mọ́ ara igi róbótó tí a ti wọ̀n. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí, tí òkìkí wọn kàn, kò nílò kí a kọ́ wọn bí a ti ń ká irin. Igi ọmọ̀, tí a fi ń gbẹ́ ìlù, fúyẹ́, ó sì dára fún ilẹ̀ àti òrùlé kóòṣì. Ní ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí asúdẹ fi ìda mọ ọ̀kan dáadáa, pẹ̀lú etí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó yọ kúrò ní ojú irin.

Ọ̀dà ni ó ń ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́. Ọ̀dà tí ó nípọn tó ìdá kan nínú 64 ìńṣì ní ara àwòṣe dàbí ọ̀dà tí ó nípọn ní odidi ìńṣì kan ní ara kóòṣì gidi; ta ni ó rí irú rẹ̀ rí? Kí a fi ọṣẹ fọ ọ̀rá kúrò ní ara agolo, kí a fi páálí ìfági ra á, kí a kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a tún kùn ún. Àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ni kí ó ṣáájú, kí èyí tí ó ṣókùnkùn tẹ̀ lé e. Nígbà ọyẹ́, kí a dé igbá lé e, nítorí eruku ilẹ̀ wa kì í bèèrè àṣẹ. Ìlà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ kóòṣì kọjá gbọdọ̀ tọ́ bí ìlà ara ẹtù. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára ni kí ó dá a lẹ́jọ́. Lẹ́tà tí ó ga ní ìńṣì 6 ní ara ọkọ̀ yóò kéré ju hóró ọkà bàbà lọ. Àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú ọkọ̀ akẹ́rù ni ó lè kọ ọ́. A ti rí ọwọ́ wọn. Àwọn kan ní kí àwòṣe máa dán gbinrin. Ní tiwa, kí a fi eruku pupa díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí ó ti Kánò bọ̀ kò lè mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

A kò ní kí a lọ dúró de ìjọba. Kí Kábíyèsí Aṣẹ́yìn àti Kábíyèsí Ọ̀kẹ̀rẹ̀ fún wa ní yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìlú wọn, tí òjò kò lè rọ̀ sí, tí àpótí onígíláàsì yóò wà nínú rẹ̀. Kí àwọn oníṣòwò dá owó iṣẹ́ fún àgbẹ̀dẹ kan, agbẹ́gilére kan àti akọ̀wé-ọ̀dà kan, owó gidi, kì í ṣe oríkì. Kí a rán wọn lọ sí Èbúté-Mẹ́tta pẹ̀lú lẹ́tà ìyọ̀ǹda, okùn, ìwé àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ó mọ ìṣirò, kí wọ́n sì wá òṣìṣẹ́ àtijọ́ kan tí yóò tọ́ka sí àwọ̀ fún wọn. Kóòṣì kíláàsì kẹta ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, èyí tí ó ní bẹ́ǹṣì onígi, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn wa jókòó sí.