Àmì Mẹ́jọ Kò Tó Dá Èèyàn Mọ̀

Ẹ dúró sáàárín ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, kí ẹ pariwo "Ìyá Ìbejì!" Ẹ wá ka iye obìnrin tó máa yíjú. Ohun tí àwa tí à ń kọ software ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá kọ àmì mẹ́jọ péré sílẹ̀, tí a ní, "kọ́kọ́rọ́ PGP wa rèé."

Ẹni tó bá ń lo PGP ní kọ́kọ́rọ́ méjì: ó fi ọ̀kan pamọ́, ó pín èkejì fún gbogbo ayé. Èyí tó pín yìí la fi ń ti lẹ́tà tí òun nìkan lè ṣí. Òun náà la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun ló buwọ́ lu software tí a fẹ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà wa. Kọ́kọ́rọ́ náà ní ìtẹ̀ka tirẹ̀, àmì 40 gbáko. Ó gùn lóòótọ́. Làwọn kan bá ní ká mú mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn nìkan, pé ó ti tó.

Ta ló ní ó tó? Onírúurú tí àmì mẹ́jọ lè jẹ́ kò ju 4,294,967,296 lọ. Létí èèyàn, ó pọ̀ bí iyanrìn. Fún kọ̀ǹpútà, bí ẹni fẹran jẹ̀kọ ni. Ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ wà lára ohun tí a fi ń ṣírò ìtẹ̀ka, nítorí náà ọlọ́ṣà kàn lè máa yí àkókò yẹn títí mẹ́jọ ìgbẹ̀yìn á fi bá ti ẹni tó ń lépa mu. Lọ́dún 2014, Richard Klafter àti Eric Swanson fi hàn pé GPU kan lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Mẹ́rin o! Wọ́n ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ tó lé ní 20,000. Nígbà tó di 2016, ẹnì kan ti kó àwọn ayédèrú náà sórí àwọn server tí gbogbo ayé ń lò, ti Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ sì wà nínú wọn.

"Ṣebí orúkọ rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀ wà lára ẹ̀?" Orúkọ kẹ̀? Ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ tó bá wù ú. Ẹ̀rí ọ̀rẹ́ ńkọ́? Wọ́n ṣe ẹ̀dà àwọn ọ̀rẹ́ náà pẹ̀lú, ayédèrú wá ń jẹ́rìí fún ayédèrú.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi ₦2,000 ránṣẹ́, kí ló dé tí mẹ́jọ nínú 40 fi tẹ́ yín lọ́rùn lórí server tí owó oníbàárà wà? Ẹ má sì sọ fún wa pé ẹ máa lo 16. Ó sàn ju mẹ́jọ lọ, àmọ́ kí la fẹ́ fi àjẹkù ṣe nígbà tí odindi wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ kọ gbogbo 40 sínú ìlànà tí ẹ̀ ń kọ fún àwọn èèyàn. Ẹ kà á fún ara yín lórí fóònù. Bí kò bá gba iwájú káàdì yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn rẹ̀.