Àgbò Tí Ó Tàdí Mẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Òmù-Àrán ni ó mọ àwòrán yà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọdún kan, ojú a máa tì wọ́n láti tún bẹ̀rẹ̀. Wọn a ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ní tèmi, àṣìṣe ni èyí.

Ẹ wo Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Kò pẹ́ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò rọ̀ mọ́ ọ̀dà òyìnbó tí ó ti mọ̀ lò. Ó mú ẹ̀kọ láfún tí àwọn obìnrin wa fi ń ṣe àdìrẹ, ó sì fi ya àwòrán sára aṣọ.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tí ó padà sí ọ̀nà àtijọ́ yóò máa fi iṣẹ́ òní wé ti àná, ọkàn rẹ̀ yóò sì rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú fún ẹni tí ń kọ́ ohun titun.

Nítorí náà, ìwọ tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ ti gbẹ, mú aró, èédú tàbí amọ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá.