Ojú Méjìlá Nínú Èèkù Kan

Iye ojú ni wọ́n fi ń polówó ọ̀bẹ níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ lọ́jà Ìkòtún. Ọmọkùnrin tó tẹ́ ọjà sórí tapólì á mú ọ̀kan nílẹ̀, á fi èékánná fa ojú kìíní yọ, á fa ìkejì, á ṣí ayùn, á ṣí àlùmọ́gàjí, á ṣí èyí tí wọ́n fi ń ṣí agolo, á sì tún ṣí èyí tí òun gan-an ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. "Dádì, méjìlá ló wà níbẹ̀. Ẹ kà á!" Kò purọ́. Mo kà á, méjìlá ni.

Ohun tí mo máa ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn kì í dùn mọ́ wọn nínú. Màá di èèkù mú, màá fi àtàǹpàkò ti ojú ọ̀bẹ sọ́tùn-ún, màá tún tì í sósì. Bí oríkèé rẹ̀ bá ń mì, ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Bí kò bá mì, màá pa gbogbo ojú rẹ̀ dé, màá gbé e sókè kí n wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá. Lẹ́yìn náà ni màá tẹ́tí sí i. Ọ̀bẹ tí sípíríǹgì rẹ̀ le á dún "kẹ́" bó bá padé. Èyí tí tirẹ̀ ti dẹ̀ á yọ́ wọlé bí ọkọ tó pẹ́ níta.

Àwọn òyìnbó tó ń kó irú ọ̀bẹ yìí sápò, orí òkè ni wọ́n ń gùn, inú igbó ni wọ́n ń pàgọ́ sí. Alímọ̀ṣọ́ tí Ìkòtún wà nínú rẹ̀ ò ní igbó mọ́. Ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ yìí, kò sì sí èyí tó pọ̀ tó o ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó. Ìta tiwa ni orí òrùlé tí wọ́n ti ń to sólà n'Ígàndò, ẹ̀gbẹ́ títì Ẹgbẹ́dá tí ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ tì tó ń tú jẹnẹrétọ̀, àti abẹ́ dáńfó tó kú sójú ọ̀nà nígbà tí òjò ń rọ̀. Níbi tá a wí yìí, kò sẹ́ni tó ń wá ojú méjìlá. Ojú ọ̀bẹ kan tó mú, ẹ̀mú tó lè dì mọ́ nọ́ọ̀tì, súkúrúdíráfà oríṣi méjì: èyí tó bá ti ní ìwọ̀nyí ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Tim Leatherman ló gbé irú rẹ̀ tó fi ẹ̀mú ṣe olórí jáde lọ́dún 1983. Ògbólógbòó ọkọ̀ Fiat kan ló ti fojú rẹ̀ rí màbo káàkiri Yúróòpù lọ́dún 1975, tó jẹ́ ọ̀bẹ nìkan ló wà lápò rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ dáńfó láti Ìkòtún rí mọ̀ ọ́n lára.

Àǹfààní mìíràn tún wà lára ẹ̀mú. Bí ọlọ́pàá bá tú àpò yín tó bá a níbẹ̀, ó mọ̀ pé oníṣẹ́ ni yín. Ọ̀bẹ ni ẹ ó ṣàlàyé.

Ó ku owó. Ká ní ojúlówó jẹ́ dọ́là 30 níbi tí wọ́n ti ń tà á. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460 náírà lójú ìwé ìjọba (lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là lẹ́bàá títì, ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa). Ọ̀bẹ náà jẹ́ 13,800 náírà nígbà náà, owó oṣù tó kéré jù sì jẹ́ 30,000. Kò tó ìdajì. Nígbà tí dọ́là fi wọ 1,500, ọ̀bẹ kan náà ti di 45,000. Lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù di 70,000 lọ́dún 2024, Èkó sì kéde 85,000. Ẹ fi ìdajì èyí tó wù yín nínú méjèèjì lé e, ọ̀bẹ ṣì jù ú lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé òpónú lẹni tó ń ra gbàǹjo, pé ẹni tó ra ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú lẹ́ẹ̀mẹrin ti ná owó ojúlówó. Ìṣirò wọn pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti ní 45,000 lọ́wọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù nídìí iṣẹ́ iná kò ní i, iṣẹ́ òní ló ń jẹ lónìí. Ó ra súkúrúdíráfà lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tó tún ríṣẹ́ mìíràn ó ra ẹ̀mú, ọ̀bẹ di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má pe ìyẹn ní àìmọ̀nàwó-ná. Gbogbo irinṣẹ́ tá a kó sínú èèkù kan ń béèrè gbogbo owó rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń gba owó bí owó bá ṣe ń wọlé, láìsí èlé, láìsí onídùúró. Bí ẹnì kan bá sì yá súkúrúdíráfà tí kò dá a padà, súkúrúdíráfà nìkan ló lọ. Ẹni tó yá ọ̀bẹ olójú méjìlá lọ, gbogbo méjìlá ló kó lọ.

Èyí tó pọ̀ jù lórí tapólì náà ni mo ń bínú sí: ó gba owó bí ojúlówó kékeré, ó sì ń ṣẹ́ bí ohun ìṣeré ọmọdé. Victorinox, iléeṣẹ́ Switzerland tó ń ṣe ojúlówó, lè ṣèlérí títí ayé lórí ọ̀bẹ tirẹ̀. Ìlérí ti orí tapólì kò kọjá ìgbà tí ọlọ́jà bá kó ẹrù rẹ̀. Tó bá ṣẹ́ tán, ààtàn Solous n'Ígàndò ló ń forí lé. Lórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù, olójú méjìlá àti olójú kan, kílò ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n.

Ẹni tó dá Victorinox náà sílẹ̀ mọ bí àìní owó gọbọi ṣe ń rí. Lọ́dún 1891, àwọn ológun Switzerland ń wá ọ̀bẹ tí sójà lè fi ṣí agolo kó sì fi tú ìbọn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe iye tí wọ́n fẹ́ nílùú wọn, Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti lọ ṣe àkọ́kọ́. Ó ká Karl Elsener lára, ẹni tó ti ní ìsọ̀ ọ̀bẹ ní Ibach láti ọdún 1884. Ó kó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ará Jámánì ń ta tiwọn ní ẹ̀dínwó, àwọn akẹgbẹ́ yọwọ́, gbèsè bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ẹbí ló dáwó yọ ọ́. Ọdún 1897 ló tó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀bẹ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta lọ́dún 1979, a dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ l'Óṣogbo ní 1980, China la sì ti ń kó ẹ̀mú wá títí dòní.

Ní tiwa, àjọ ló ń ṣe iṣẹ́ ẹbí Elsener. Ká ní àwọn oníná méjìlá ń dá 5,000 lóṣooṣù: 60,000 lẹnì kan ń kó. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà dé ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba ṣe kà á. Bó bá ń sáré báyẹn, irinṣẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ fi 60,000 rà á ti máa sún mọ́ 80,000 kó tó kan ẹni ìkejìlá, 60,000 náà ni wọ́n sì máa kà fún un. Ẹ ò rí i pé ìjà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ kó àjọ kì í ṣe ojúkòkòrò. Àwọn ìyá tó ń dá àjọ ìrẹsì àti òróró ọdún ti já ọgbọ́n yìí: ọjà ni wọ́n ń pín, wọn kì í pín owó. Bí àwọn oníná Ìgàndò bá ra méjìlá lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé, wọ́n á rí ẹ̀dínwó gbà, ọjọ́ kan náà sì ni gbogbo wọn á gba tiwọn. Wọ́n á ṣáà kọ́kọ́ jà lórí ọ̀dọ̀ ẹni tí owó máa wà.