Ìrọbí Kì í Dúró De Àpò Ìrẹsì

Bí omíyalé bá lé àwọn ènìyàn kúrò nínú ilé wọn, ohun tí ojú máa ń rí kì í yàtọ̀. Wọn a kó àwọn tí ó sá àsálà sí ilé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ ìjọba a já ìrẹsì, ẹní àti bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, àwọn olóṣèlú a ya fọ́tò, ó di ilé. Ẹnikẹ́ni kì í sábà béèrè iye aboyún tí ó wà lórí ìlà ìrẹsì.

Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó ìlú palẹ̀ ní Haiti ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, àjọ UNFPA ṣírò pé nǹkan bí 63,000 aboyún ni ó wà láàárín àwọn tí àjálù náà kàn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti wó, oyún kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn elétò ìlera lágbàáyé ti fẹnu kò lórí ohun tí ó kéré jù lọ tí a gbọ́dọ̀ pèsè nírú àkókò bẹ́ẹ̀: ọ̀rá tí obìnrin yóò dùbúlẹ̀ lé, ọṣẹ, ìbọ̀wọ́, abẹ tuntun, okùn tí a ó fi so ìwọ́, aṣọ tí a ó fi wé ọmọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju àpò kékeré kan lọ. Ẹni tí wọ́n bá fipá bá lòpọ̀ nílò oògùn tí yóò dènà kòkòrò HIV kí wákàtí 72 tó kọjá, àti èyí tí yóò dènà oyún kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Ìrẹsì lè dé ní ọjọ́ kẹfà, kí ó sì wúlò síbẹ̀. Oògùn yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó kan ará Ìjù nínú ọ̀rọ̀ Haiti? Ilẹ̀ mì ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá tí ó sún mọ́ ilé jù. Omíyalé ọdún 2022 pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Iṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ó kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tọkọtaya wá sí Ìjù, Ọ̀tà àti Sàngó. Ìyá àti ìyá ọkọ wà lókèèrè. Aládùúgbò ni alábàárò. Bí omi bá dé, aládùúgbò náà yóò wà lórí ẹní nínú kíláàsì kan náà. Agbẹ̀bí àdúgbò pàápàá lè wà níbẹ̀. Bí ìbí bá sì le lóru, ọkọ̀ ta ni yóò gbé obìnrin náà dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀tà?

Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ti kó àwọn àpò wọ̀nyí sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ti bá awakọ̀ kan ṣàdéhùn. Owó rẹ̀ kò lè tó ti àga àti ìlù ayẹyẹ ìṣílé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì náà gba tiwọn, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ obìnrin yóò kọ́kọ́ sáré lọ, ìbá à dùn mọ́ dókítà nínú tàbí kí ó má dùn mọ́ ọn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí a tó pa iná, kí ẹnì kan rìn láti ẹní dé ẹní, kí ó kọ orúkọ àwọn tí oṣù wọn ti pé.